Owó Áńbúláǹsì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ẹ Jẹ́ Ká Ná Ọjà Náà Kí Àìsàn Tó Dé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ regbéregbé tó yọ̀ǹda ìpàdé oṣù yìí fún wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò. Ọ̀rọ̀ owó la bá wá. Bí wọ́n bá gbé èèyàn sínú áńbúláǹsì lóru, ta ni yóò sanwó, èló ni, kí sì ni owó náà yóò rà? Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í béèrè àfi ìgbà tí dókítà bá ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa gbé aláìsàn lọ sí Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn. Nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ ọjà ná jù lọ kò lè ná nǹkan kan. Iye tí wọ́n bá pè ni yóò san, kò sì ní ráyè yẹ inú ọkọ̀ wò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe lónìí ni pé ká ná ọjà náà sílẹ̀ nísinsìnyí tí ara gbogbo wa le.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú wa, orúkọ kan náà là ń pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn àti ọkọ̀ tó ń gbé òkú. Àwọ̀ funfun kan náà, iná kan náà lórí, igbe kan náà lójú títì. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú, pátákó tàbí irin gbọọrọ lẹ máa bá níbẹ̀. Kò sí ọ́síjìn, kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí okùn tí a fi ń de aláìsàn mọ́ ibùsùn. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń kúrú kò rí nǹkan kan gbà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ariwo lọ. Takisí ìlú yá jù ú, ó sì dínwó.

Oríṣi méjì ni ọkọ̀ aláìsàn gidi. Ọ̀kan ní ibùsùn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ká ẹsẹ̀, àgbá ọ́síjìn pẹ̀lú ìbòmú, kọ́là ọrùn, pátákó tí a fi ń gbé ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti fara pa, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti èébì kúrò lọ́fun, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìfúnpá, àti èyí kékeré tí a ń ki ìka bọ̀ kí a lè mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó ti aláìsàn lẹ́yìn. Awakọ̀ nìkan kò tó. Oríṣi kejì ní gbogbo ìwọ̀nyí, ó tún ní ẹ̀rọ tó ń fi iná ta ọkàn jí, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí, àwọn oògùn abẹ́rẹ́ pàjáwìrì, àti dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ̀ wọ́n lò. Owó méjèèjì jìnnà síra gan-an. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì dá ṣáká kò nílò oríṣi kejì. Ẹni tó ti dákú, tí kò mí dáadáa, oríṣi kìíní kò lè tó o. Nítorí náà, tí wọ́n bá pe owó ńlá fún yín, ìbéèrè yín ni pé: ta ni yóò lo ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà? Bí wọn kò bá rí ẹnì kankan dárúkọ, ẹ má san owó ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ́síjìn. Àgbá tí wọ́n ń pè ní E máa ń gba nǹkan bíi lítà 680 tó bá kún. Bí aláìsàn bá ń fa lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 68 ló máa fi tán. Bó bá ń fa lítà 15, ìṣẹ́jú 45 péré ni. Àgbá D kéré sí i. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe rí, lítà 340 sí 425 ló ń gbà, ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú 34 sí 42 lọ fún ẹni tó ń fa lítà 10. Ẹ wá fi wọn ọ̀nà tiwa. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù, D kan lè gbé e débẹ̀ bí ọ̀nà bá já geere. Láti Ṣàgámù sí Ìdí-Àràbà ní Èkó, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mowé, Ìbafò àti Berger, E kan ṣoṣo lè tán kí wọ́n tó rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Aago kékeré wà lọ́rùn àgbá náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní 2,000, àgbá kún. Bó bá wà ní 1,000, ìdajì ló kù. Bó bá wà ní 500, ọkọ̀ yẹn kò tíì múra ìrìn. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé aláìsàn ni kó wo aago yìí fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ìṣirò tí a fi ń ṣe é ni pé iye ìṣẹ́jú tí ìrìn yóò gbà, kí ẹ tún fi ìdajì rẹ̀ lé e fún gòsílóò àti fún dídúró ní ẹnu ọ̀nà. Bí ọ́síjìn ọkọ̀ kò bá tó iye yẹn, kí wọ́n gbé àgbá kejì sí i. Owó àgbá kejì yẹn kì í ṣe owó ìrẹ́jẹ, ẹ san án.

Owó tí wọ́n ń pè, kí ló wà nínú rẹ̀? Epo àlọ àti àbọ̀ ni àkọ́kọ́, torí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà sílé. Ìjẹ̀bú-Òde sí UCH Ìbàdàn sún mọ́ kìlómítà 70, nítorí náà 140 ni àlọ-àbọ̀. Bọ́ọ̀sì irú Hiace tó tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ lè jẹ lítà 12 sí 14 fún kìlómítà 100, ìyẹn bíi lítà 17 sí 20 fún gbogbo ìrìn náà. Ẹ sọ ọ́ di owó pẹ̀lú iye epo ọjọ́ náà. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú iye tí wọ́n pè ni owó nọ́ọ̀sì, owó awakọ̀, ọ́síjìn, ìbọ̀wọ́, ìtọ́jú ọkọ̀, àti èrè. A kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ná an dé egungun. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra táyà tuntun ni yóò fi táyà tó ti jẹ tán gbé ìyá yín. Àmọ́ tí ẹ bá mọ iye epo, ẹ ó mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi ìbẹ̀rù yín pa owó.

Ibi tí owó náà ti máa ń di méjì ni ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ọkọ̀ á dé, wọ́n á ní kò sí ibùsùn. Awakọ̀ á dúró wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìdúró, lẹ́yìn náà wọ́n á tún ní ẹ máa lọ sí ọsibítù kejì, ìyẹn ìrìn tuntun. Oògùn rẹ̀ ò ju ìpè tẹlifóònù kan lọ. Kí aláìsàn tó gbéra, kí dókítà tó ń fi í ránṣẹ́ pe ọsibítù tó fẹ́ gbà á, kó gba orúkọ ẹni tó sọ pé “ẹ máa gbé e bọ̀”, kó kọ orúkọ náà àti aago tí wọ́n sọ̀rọ̀ sórí lẹ́tà. Ẹ má gbé aláìsàn jáde láìsí ìlà yẹn lórí lẹ́tà. Ẹ tún bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́ kí ó tó wá: iye owó títí dé orí ibùsùn ọsibítù, wákàtí mélòó ni ìdúró ọ̀fẹ́, èló ni wákàtí tó bá lé, èló ni bí wọ́n bá yí ọsibítù padà. Kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Nígbà mìíràn, ẹ má dúró de áńbúláǹsì rárá. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ṣàdédé rọ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú nìyẹn. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá ti kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí kí wọ́n tó fún un. Tí ọkọ̀ aládùúgbò bá wà nílẹ̀, tí áńbúláǹsì sì wà ní kìlómítà 40, ọkọ̀ aládùúgbò ni kí ẹ gbà. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì. Ọsibítù tó sún mọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n so omi sí i lára, kí ọ̀rọ̀ ọsibítù ńlá tó dé. Ẹni tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tàbí tí wọ́n fa jáde láti inú ọkọ̀ tó dojú dé, òun ni kí ẹ má ṣe ká sí ẹ̀yìn takisí láé, bí kò bá ṣe pé iná tàbí odò fẹ́ gbé e. Ọrùn tó ti yẹ̀ díẹ̀ lè já pátápátá nínú takisí, ẹni tí ì bá rìn padà wálé á wá di arọ.

Ìrànlọ́wọ́ wà tí ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí. Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122. Àwọn ní áńbúláǹsì, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ìjàǹbá ṣe. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì jẹ́ ti ìtọ́jú pàjáwìrì. Ibẹ̀ ni ètò NEMSAS ti ń jẹun, ètò tó ń san owó ọkọ̀ àti ti ìtọ́jú wákàtí 48 àkọ́kọ́ fún ẹni tí pàjáwìrì bá bá, ní ọsibítù àti ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ tó bá wà nínú ètò náà. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń lo àwọn awakọ̀ ìgbèríko láti gbé aboyún. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan nínú yín lọ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kó béèrè ọsibítù àti ọlọ́kọ̀ tó wà nínú ètò náà nítòsí, kó kọ orúkọ wọn wá. Òfin 2014 yẹn kan náà, ní abala 20, kà á léèwọ̀ fún ọsibítù láti kọ aláìsàn pàjáwìrì. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ rọra sọ abala yìí fún wọn tí wọ́n bá ní ẹ mú àsansílẹ̀ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀. Ẹ má jà.

Ó wá ku adójútòfò. Òfin NHIA, àjọ tó ń rí sí adójútòfò ìlera ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ìjọba àpapọ̀ bu ọwọ́ lù ní 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ní, “mo ní káàdì, wọ́n á wá gbé mi.” Káàdì ìtọ́jú ọsibítù yàtọ̀ sí káàdì ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àǹfààní tó ń bá káàdì yín rìn, kí ọmọ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa jókòó tì yín, kó wá ibi tí wọ́n ti kọ áńbúláǹsì. Ẹ wò ó bóyá láti ilé sí ọsibítù ni, tàbí láti ọsibítù kan sí èkejì nìkan. Ìkejì yìí ni púpọ̀ nínú wọn ń san. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á rán ọkọ̀ wá, tàbí ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá owó padà fún yín. Ẹ wo iye tí wọn kò ní kọjá lọ́dún kan, àti oṣù mélòó tí ẹ gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀, torí ẹni tó sanwó lónìí kì í sábà lè lò ó lọ́la. Ẹ̀yin ará Ògùn Waterside, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, nítorí “ọkọ̀ ojú títì” ni ìwé púpọ̀ ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni kóòdù. Bí ọsibítù yín bá fẹ́ fi yín ránṣẹ́ sí ọsibítù tó ju ú lọ, HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera yín, ló ń fún wọn ní kóòdù àṣẹ. NHIA ti pàṣẹ ní 2025 pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó fún wọn. Nínú pàjáwìrì, ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dúró de kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi tó HMO létí láàárín àkókò tí ìwé yín bá sọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń kọ owó láti dá padà ni èyí: wọn kò gbọ́ ní àkókò, tàbí rìsíìtì kò kún. Rìsíìtì tó kún ní ọjọ́, aago tí wọ́n gbéra àti aago tí wọ́n dé, ibi tí wọ́n ti gbé e àti ibi tí wọ́n gbé e dé, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ nọ́ọ̀sì, àti ohun tí wọ́n lò. Bébà pélébé tí wọ́n kọ “áńbúláǹsì” àti iye owó nìkan sí, ẹ má gbà á. Ẹ so lẹ́tà dókítà mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ yín tún ní ààbò tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ní. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ṣàgámù tàbí Ògíjo tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin 2010 ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì kan ìjàǹbá ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ sí ilé pẹ̀lú. Kí òṣìṣẹ́ náà tàbí ará ilé rẹ̀ fi tó ilé iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbá, adójútòfò ọkọ̀ yẹn, èyí tí gbogbo ọlọ́kọ̀ gbọ́dọ̀ ní, ló yẹ kó san owó ara tó fi pa, owó áńbúláǹsì wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò rẹ̀ níbẹ̀ gan-an kí ọlọ́kọ̀ tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé ìwòsàn ilé ìwé bóyá adójútòfò akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú owó ilé ìwé tí ẹ ti san, kí ẹ tó tún ra òmíràn.

Ta ló wá yẹ kó ra adójútòfò áńbúláǹsì lọ́tọ̀? Èrò tiwa nìyí. Ìdílé tó ní aboyún tí ìfúnpá rẹ̀ ga, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ládìde, bàbá tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tàbí tí wọ́n ń fọ kíndìnrín rẹ̀, ẹ rà á, bí ilé iṣẹ́ tó ń tà á bá lè fi ọkọ̀ hàn yín tó ń sùn láàárín ìlú yín tàbí ìlú kejì. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí i. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wo aago ọ́síjìn, ẹ pe nọ́ńbà wọn ní aago méjì òru ọjọ́ kan kí ẹ mọ̀ bóyá ẹnìkan á gbé e. Tí ọkọ̀ wọn tó sún mọ́ jù bá wà ní Ìkẹjà, ìwé lásán lẹ ń rà. Ìdílé tí ara wọn le, tí kò jìnnà sí ọsibítù ńlá, kí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, torí owó ibùsùn àti ti iṣẹ́ abẹ ló ń sọ èèyàn di onígbèsè ju owó ọkọ̀ lọ.

Fún owó ọkọ̀, ẹgbẹ́ yín gan-an ni adójútòfò tó dára jù tí a mọ̀. Àjọ kò ṣàjèjì sí wa. Ká ní èèyàn 120 ń dá 1,000 náírà lóṣù, 120,000 nìyẹn lóṣù, 1,440,000 lọ́dún. Bí ẹ bá pinnu pé ẹgbẹ́ kò ní san ju 80,000 lọ lórí ìrìn kan, ìrìn 18 ló lè gbé lọ́dún kan. Kí owó náà wà ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹni méjì máa bu ọwọ́ lù ú, kí wọ́n san án tààrà fún ọlọ́kọ̀, kó má gba ọwọ́ ẹnì kankan kọjá. Nítorí pé báńkì lè kọ̀ lóru, kí iye tó tó ìrìn kan wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó lo oṣù méjì kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí àìsàn bá dé ni gbogbo èèyàn yóò máa wá san. Ohun tó ń pa irú owó yìí ni pé bí oṣù mẹ́rin bá kọjá láìsí aláìsàn, wọ́n á ní ká yá a fi ra aṣọ Ojúde Ọba, a ó dá a padà. Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin yín pé owó yìí kò ṣeé yá fún ohunkóhun. A bẹ̀ yín, ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá tó ń lọ bá ọmọ gbé ọmọ tuntun lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gba owó áńbúláǹsì lọ́wọ́ aláìsàn pàjáwìrì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbà á, owó ńlá sì ni. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2022 láti dáàbò bo aláìsàn lọ́wọ́ owó òjijì kan áńbúláǹsì òfuurufú, kò kan áńbúláǹsì orí ilẹ̀. Kí àwọn ọmọ yín ra adójútòfò ìrìn àjò tó dárúkọ áńbúláǹsì kí ẹ tó wọkọ̀.

Ohun tó kù la máa ṣe kí a tó tú ká. Bébà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ kọ 112 àti 122 sí i, nọ́ńbà ọlọ́kọ̀ méjì tí ẹ ti yẹ ọkọ̀ wọn wò, nọ́ńbà HMO àti nọ́ńbà káàdì, nọ́ńbà ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ń lò. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń dé ilé yín láti ojú títì, bí ẹni tí kò dé àdúgbò yín rí yóò ṣe lóye rẹ̀: mọ́ṣáláṣí wo, ṣọ́ọ̀ṣì wo, igi wo, ọwọ́ ọ̀tún ni àbí òsì. Bí bọ́ọ̀sì kò bá lè wọ ọ̀nà ilé yín, ẹ kọ ibi tí yóò dúró sí, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọkùnrin mẹ́rin ládùúgbò tí wọn yóò fi ibùsùn gbé aláìsàn débẹ̀.